Oyè Agbábọ́ọ̀lù Ọdún Láàrin Àwọn Ọmọbìnrin Yunifásítì

Ẹni tí ó bá ti gbé ìlú Niamey tó ọdún kan kò lè ṣe aláìmọ ìjàkadì tí àwọn Hausa ń pè ní kokowa. Ẹkùn 8 tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Niger a máa fi oníjàkadì mẹ́wàá mẹ́wàá ránṣẹ́ sí ìdíje ńlá náà, tí àpapọ̀ wọn í jẹ́ 80, ẹni tí ó bá sì borí ni a ó gbé idà lé lọ́wọ́. Kò sí ìdìbò níbẹ̀. Ẹni méjì wọ inú iyanrìn, ọ̀kan ṣubú, èkejì wà lórí ìdúró. Ọmọ kékeré tí ó gun èjìká baba rẹ̀ pàápàá yóò mọ ẹni tí a ó lu ìlù fún.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ẹni márùn-ún ni í dojú kọ ẹni márùn-ún. Ẹnì kan gba bọ́ọ̀lù, ó fi fún ẹnì kejì, ẹnì kẹta dí ọ̀nà mọ́ alátakò, ẹnì kẹrin ni ó wá jù ú sínú apẹ̀rẹ̀, òun sì ni àwọn òǹwòran ń pariwo orúkọ rẹ̀. Bí ó bá wá di òpin ọdún, tí a ní kí a mú ẹnì kan ṣoṣo jáde pé òun ni ó ta gbogbo wọn yọ, báwo ni a ó ti ṣe é tí a kò ní í rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbìyànjú láti dáhùn, nípa ṣíṣe àlàyé oyè kan tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi máa ń dá àwọn ọmọbìnrin yunifásítì wọn lọ́lá. Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi láti Nàìjíríà, láti Bẹ̀nẹ̀, láti Togo, láti Niger níhìn-ín àti láti ibòmíràn, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè lásán ni. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ti ọ̀dọ̀ wa lọ ti gba oyè yìí léraléra. Àwa tí a sì ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, kò sí ọ̀kan nínú wa tí a kò ní í sọ fún lọ́jọ́ kan pé kí ó yan ẹni tí ẹ̀bùn tọ́ sí.

Inú wa yóò dùn láti gbọ́ pé olùkọ́ ni ó dá eré náà sílẹ̀, àti pé ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ eré ìdárayá ni ó ti dá a sílẹ̀. James Naismith ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Kánádà ni. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, ní ìlú Springfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, òtútù kò jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè ṣeré ní ìta, ara wọn kò sì gba ìjókòó inú ilé. Ó mú apẹ̀rẹ̀ méjì tí a fi ń kó èso píìṣì, ó kàn wọ́n mọ́ òkè ní ìhà méjèèjì yàrá eré, ó sì ní kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù sí inú wọn. Wọn kò gé ìdí apẹ̀rẹ̀ náà kúrò, nítorí náà bí bọ́ọ̀lù bá wọlé, ẹnì kan ní láti gun àkàbà lọ mú un wá!

Kò pẹ́ rárá tí àwọn obìnrin fi gbà á. Senda Berenson, olùkọ́ eré ìdárayá ní Smith College ní ìpínlẹ̀ Massachusetts kan náà, ni ó kọ́kọ́ fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1896 ni àwọn ọmọbìnrin yunifásítì méjì kọ́kọ́ pàdé nínú eré náà, Stanford àti California, ní ìlú San Francisco. A kò jẹ́ kí ọkùnrin wọlé wòran. Máàkì 2 sí 1 ni Stanford fi borí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ Stanford yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé níwájú.

Lẹ́yìn èyí, fún ìgbà pípẹ́, eré àwọn obìnrin wà bí ọmọ tí a bí tí a kò fún ní oúnjẹ. Owó, pápá àti akọ́nimọ̀ọ́gbá, ti àwọn ọkùnrin ni. Ọdún 1972 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí a ń pè ní Title IX, pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ fi ohun kan du ẹnikẹ́ni nítorí pé ó jẹ́ obìnrin tàbí ọkùnrin. Òfin náà kò dárúkọ bọ́ọ̀lù rárá. Ṣùgbọ́n àwọn yunifásítì rí i pé bí àwọn bá ń fún ọmọkùnrin ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí pé ó mọ bọ́ọ̀lù gbá, àwọn kò lè kọ̀ láti fún ọmọbìnrin pẹ̀lú. Ní ọdún 1982 ni NCAA, ìyẹn ẹgbẹ́ tí ń ṣe àkóso eré ìdíje àwọn yunifásítì wọn, kọ́kọ́ ṣe ìdíje ńlá ti gbogbo orílẹ̀-èdè fún àwọn obìnrin nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, kí ni à ń pè ní kọ́ńfúrẹ́ǹsì? Àwọn yunifásítì tí ó wà ní ìpele tí ó ga jùlọ nínú eré náà ju 300 lọ. Kò sí bí gbogbo wọn ti lè pàdé ara wọn tán nínú ọdún kan. Nítorí náà wọ́n pín ara wọn sí agbo-agbo, bí mẹ́wàá, bí méjìlá, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbo bẹ́ẹ̀ ni kọ́ńfúrẹ́ǹsì, agbo ìdíje ni èmi yóò sì máa pè é. Nígbà òtútù, àwọn ọmọ agbo kan náà a máa gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ara wọn lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ títí di òpin oṣù Kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta. Nígbà tí eré wọ̀nyí bá fẹ́rẹ̀ẹ́ parí tàbí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni a ń yan Agbábọ́ọ̀lù Ọdún agbo náà.

Ọ̀nà tí a ń gbà yàn án ni ó wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Nínú ọ̀pọ̀ agbo, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ni í dìbò, olúkúlùkù wọn kò sì gbọdọ̀ dìbò fún ọmọ tirẹ̀. Ta ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọbẹ̀ ìyá òun kò dùn? Nítorí náà ẹnu ọ̀tá ni a ti ń gbọ́ ìyìn. Ẹ ro obìnrin kan tí ó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, tí ó ti fi òru mélòó kan wo àwòrán eré ọmọbìnrin kan, tí ó ń wá bí a ó ti dí ọmọ náà lọ́nà, tí ó yan ọmọ méjì tì í, tí ọmọ náà sì tún borí wọn lójú rẹ̀. Bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá mú kálàmù tí ó kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀, ẹ̀rí wo ni ó tún kù? Ní àwọn agbo kan, àwọn oníwèé-ìròyìn pẹ̀lú a máa dìbò tiwọn lọ́tọ̀, ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé kí ẹni tí wọ́n yàn yàtọ̀ sí ẹni tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá yàn. Èmi kò rí ohun tí ó burú nínú èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ni èmi yóò kọ́kọ́ gbà gbọ́.

Kì í ṣe ojú lásán ni wọ́n sì fi ń wò ó. Nínú eré kọ̀ọ̀kan ni àwọn akọ̀wé ti ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀: máàkì tí ọmọ kọ̀ọ̀kan rí, iye ìgbà tí ó fi bọ́ọ̀lù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ tí onítọ̀hún sì jù ú wọlé, iye ìgbà tí ó já a gbà lọ́wọ́ alátakò, àti bọ́ọ̀lù tí ó ta padà. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí tí ó kẹ́yìn. Bí ẹnì kan bá ju bọ́ọ̀lù tí kò wọlé, yóò ta padà láti ara irin, ẹni tí ó bá gbà á nínú afẹ́fẹ́ ni ó ni ín. Iṣẹ́ líle ni, ìgúnpá àti èjìká wà níbẹ̀, àwọn òǹwòran kì í sì í pàtẹ́wọ́ fún un púpọ̀. Síbẹ̀ bọ́ọ̀lù tí a bá gbà báyìí dà bí ẹran tí ó bọ́ lọ́wọ́ ọdẹ kan tí òmíràn sì pa: ọ̀kan pàdánù, èkejì jèrè.

Ilé kan wà ní ìpínlẹ̀ Texas, lẹ́bàá ìlú Houston, tí ó fi gbogbo èyí hàn wá kedere. Orúkọ ìdílé náà ni Ogwumike. Láti Nàìjíríà ni baba àti ìyá ti lọ, Ìgbò sì ni wọ́n. Iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ni ìyá ń ṣe. Ọmọbìnrin mẹ́rin ni wọ́n bí: Nneka, Chiney, Olivia àti Erica. Àwọn akẹ́gbẹ́ mi tí ó jẹ́ Ìgbò yóò sọ fún yín pé ìtumọ̀ Nneka ni pé ìyá ni ó ga jù. Gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì, mẹ́ta nínú wọn ni ó sì gba oyè tí à ń sọ yìí, ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì.

Nneka, tí a bí ní ọdún 1990, lọ sí Stanford, òun sì ni Agbábọ́ọ̀lù Ọdún agbo Pac-10 ní 2010. Ní 2011, Jeanette Pohlen, ọmọ ẹgbẹ́ wọn ní Stanford kan náà, ni ó gbà á. Agbo náà gba yunifásítì méjì kún un ní ọdún yẹn, orúkọ rẹ̀ di Pac-12, Nneka sì tún gba oyè náà ní 2012. Bí ó ti ń jáde ni àbúrò rẹ̀ Chiney bọ́ sí ipò rẹ̀, òun ni a sì yàn ní 2013 àti 2014. Nígbà tí Chiney fi Stanford sílẹ̀, máàkì 2,737 ni ó ti kó jọ ní ọdún 4, ó sì ti gba bọ́ọ̀lù tí ó ta padà 1,567. Nígbà náà, kò sí ọmọbìnrin kan nínú agbo náà tí ó kó tó bẹ́ẹ̀ jọ rí nínú ọ̀nà méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni Kelsey Plum ti yunifásítì Washington wá kọjá rẹ̀ nínú iye máàkì.

Ti Erica ni ó jọ mí lójú jù. Kò ga bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì, kò sì lọ sí Stanford. Pepperdine ni ó kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ó kọjá sí Rice ní Houston, tí ó súnmọ́ ilé. Ẹ̀yìn ni a máa ń fi irú agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ sí, kí ó máa darí eré, kí ó sì fi ìjàkadì abẹ́ apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ó ga. Ṣùgbọ́n Erica a máa sáré wọ àárín àwọn òmìrán, a sì máa gba bọ́ọ̀lù tí ó ta padà ju ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ní 2019, Rice kò pàdánù ẹyọ eré kan nínú 16 tí wọ́n gbá nínú agbo wọn tí a ń pè ní Conference USA. Erica ni a yàn ní Agbábọ́ọ̀lù Ọdún ní ọdún náà, a sì tún yàn án ní 2020, ọdún tí àrùn kòrónà dá gbogbo ìdíje dúró ní oṣù Kẹta. Ẹgbẹ́ kan tí ń gba bọ́ọ̀lù fún owó yàn án, ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀ pẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni ó gbà lọ.

Ẹ jẹ́ kí á wo òdìkejì owó náà. Ní gbogbo ọdún tí Nneka àti Chiney fi wà ní Stanford, Stanford kò gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo orílẹ̀-èdè rárá. Ní 2010, nínú eré tí ó ṣáájú àṣekágbá, Nneka nìkan kó máàkì 38 lé Oklahoma lórí. Síbẹ̀ Connecticut fi 53 sí 47 lé wọn padà ní àṣekágbá. Ẹ wá fi èyí wé ti ọmọ wa Àrìkẹ́ Ògúnbọ̀wálé, ẹni tí oríkì rẹ̀ kò nílò ìtumọ̀ fún Yorùbá kankan. Ìlú Milwaukee ni a bí i sí, ọmọ Nàìjíríà ni baba rẹ̀, Notre Dame ni ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù. Ní 2018, nínú eré tí ó ṣáájú àṣekágbá, òun ni ó ju bọ́ọ̀lù tí ó lé Connecticut padà nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú àáyá 1. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ní àṣekágbá pẹ̀lú Mississippi State, ó ku ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kí àkókò tán nígbà tí bọ́ọ̀lù Àrìkẹ́ wọlé: 61 sí 58. Gbogbo Amẹ́ríkà ni ó gbọ́ orúkọ náà, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n pè. Ṣùgbọ́n ta ni Agbábọ́ọ̀lù Ọdún nínú agbo tirẹ̀, ACC, ní ọdún náà? Asia Durr ti Louisville ni. Ní 2019 pẹ̀lú, Durr kan náà ni.

Àwọn kan yóò ní ìrẹ́jẹ ni. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Oyè tí à ń sọ yìí kò wà fún alẹ́ ọjọ́ kan, bí ó ti wù kí alẹ́ náà lógo tó. Fún iṣẹ́ oṣù méjì tàbí mẹ́ta ni, ní ìlú tútù, níwájú òǹwòran tí kò pọ̀, nígbà tí ara ń dunni. A sì ti dìbò rẹ̀ kí alẹ́ ńlá náà tó dé. Àrìkẹ́ gba ẹ̀yẹ ti alẹ́ náà, nítorí òun ni a pè ní agbábọ́ọ̀lù tí ó tayọ jùlọ nínú eré ìkẹyìn wọ̀nyí ní 2018. Ẹ̀bùn méjì ni, kò sì yẹ kí á dà wọ́n pọ̀. Nneka náà kò ṣàì rí tirẹ̀: ní 2016, nígbà tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún owó pẹ̀lú Los Angeles Sparks, a yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tí ó níye lórí jùlọ, òun náà ni ó sì ju bọ́ọ̀lù tí ó fún wọn ní ife-ẹ̀yẹ, 77 sí 76, nígbà tí ìṣẹ́jú àáyá 3 péré kù.

Àléébù tí èmi rí nínú oyè náà yàtọ̀ sí èyí. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dí alátakò lọ́nà kì í sáábà gbà á, nítorí pé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ṣòro láti kà. Ọ̀pọ̀ agbo ti dá oyè mìíràn sílẹ̀ fún àwọn bẹ́ẹ̀, èyí sì dára, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ èyí tí a ń kọ́kọ́ dárúkọ. Èkejì ni pé ẹni tí ó bá wà nínú ẹgbẹ́ tí kò lágbára lè ṣiṣẹ́ títí kí ojú má tó o.

Kò sí owó nínú oyè náà. Mo fẹ́ kí á sọ èyí láìfi ohunkóhun bò ó, nítorí mo ti gbọ́ tí àwọn kan láàrin wa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ife-ẹ̀yẹ ni ó gbé àwọn ọmọ wọ̀nyí dé ibi tí wọ́n dé. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó tẹ̀lé òfin 1972 ni. Níhìn-ín ní Niger, ó ju ìdajì àwọn ọmọbìnrin lọ tí a ń fi fún ọkọ kí wọ́n tó pé ọdún 18, bọ́ọ̀lù àti ìwé sì jọ ń parí fún wọn lọ́jọ́ kan náà ni. Bí olùkọ́ bá lọ bá baba kan pé ọmọ rẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù jù, kí ó jẹ́ kí ó padà wá sí ilé-ẹ̀kọ́, baba náà lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé, 'Kí ni bọ́ọ̀lù yóò san?' Ní Texas, ìdáhùn wà: yóò san owó yunifásítì ọdún 4. Ní ọ̀dọ̀ wa, ìdáhùn náà kò tíì sí lẹ́nu olùkọ́ púpọ̀, orin ìyìn kò sì lè rọ́pò rẹ̀.

Síbẹ̀ àwọn ọmọ náà kò gbàgbé ilé. Ní 2021, Nneka bẹ̀bẹ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà ní ìdíje Olympic ti Tokyo. FIBA, àwọn aláṣẹ eré náà lágbàáyé, kọ̀ fún un nítorí pé ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà. Erica lọ ní tirẹ̀, ó sì wọ aṣọ aláwọ̀ ewé. Ní oṣù Kẹjọ 2024, ní Paris, àwọn obìnrin Nàìjíríà lu Kánádà 79 sí 70, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́, ìbáà ṣe ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin, tí ó dé ìpele ẹgbẹ́ 8 tí ó kù nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Olympic. Nínú ẹgbẹ́ Kánádà tí wọ́n lù náà ni Yvonne Ejim wà, ọmọ àwọn òbí tí ó ti Nàìjíríà lọ, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè Agbábọ́ọ̀lù Ọdún nínú agbo West Coast ní ọdún náà pẹ̀lú yunifásítì Gonzaga. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Melvin, ti gba irú rẹ̀ nínú agbo Big 12 ní 2014.

Níbi púpọ̀ ní ọ̀dọ̀ wa, ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga kì í ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ. Ọmọ tí ibà bá mú ní ọ̀sẹ̀ náà ti pàdánù ọdún rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ó wà ní ìlú kan bá gbà láti máa pàdé ní ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan fún sáà kan, wọ́n ti ní agbo ìdíje, kò sì ná wọn ní ohun tí ó ju bọ́ọ̀lù àti owó ọkọ̀ lọ. Kí á fún ọmọ méjì tí kò sí lórí pápá ní ìwé àti kálàmù. Kí ọ̀kan máa kọ máàkì. Kí èkejì máa fa ìlà kan fún bọ́ọ̀lù tí ó ta padà tí ẹnì kan gbà, àti ìlà mìíràn fún èyí tí a fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ tí ó sì wọlé. Ní òpin sáà, kí olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan wo àwọn ìwé wọ̀nyí, kí ó kọ orúkọ kan tí kì í ṣe ti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀, kí ó ká ìwé náà, kí ó sì fi lé ẹnì kan tí kò ní ẹgbẹ́ nínú ìdíje náà lọ́wọ́. Bí ìbò méjì bá dọ́gba, kí àwọn ọmọ méjèèjì jọ gbà á. Àwọn ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú a máa ṣe bẹ́ẹ̀.